Ọdún Mọ́kàndínlógójì Tí Mo Fi Bẹ Àgbà Pé Kí Wọ́n Dìde

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógójì ṣe ni pé mo ń bẹ àwọn àgbàlagbà kí wọ́n dìde lórí ìjókòó. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ẹ̀rín ni àwọn èèyàn máa ń rín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi kú. "Rísíkátù," ni ó máa ń wí, "ìwọ tí wọ́n rán lọ sí yunifásítì, o wá ń kọ́ arúgbó bí wọ́n ṣe ń dìde." N kò dá a lóhùn nígbà náà. Mo dá a lóhùn báyìí: ká ní ó jẹ́ kí n kọ́ òun ni, kì bá tí lo ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ lórí ibùsùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tọ̀tún, tí ẹ ń wo tòsì, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ ó mú, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. N kò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ mi dára, n kò sì ní sọ pé kò dára. Màá sọ bí ó ṣe rí. Bí mo bá dé ibi tí ẹnìkan ti ṣẹ̀ mí, màá sọ ìyẹn náà. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Kò sí ohun tí mo ń bẹ̀rù mọ́ bí kò ṣe Ọlọ́run àti àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ará Ìwó ni bàbá mi. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Ochanja, ní Onitsha níbí, ibí náà ni wọ́n sì bí mi sí. Nínú ilé, Yorùbá ni a ń sọ; bí a bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, ó di Igbo tàbí pijin. Mo lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti eegun, èyí tí wọ́n ń pè ní fisiotẹ́rápì, mo sì padà wálé. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn láti sọ: mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí, mo lọ. Owó oṣù kò tó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tó nígbà tí mo parí. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ́fíìsì wa kò ju yàrá méjì lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní ọ̀nà tó lọ sí Obosi. Ìwádìí ni a ń ṣe níbẹ̀. A fẹ́ mọ ohun tó ń so àwọn àgbàlagbà mọ́ orí àga, àti irú eré ìdárayá tó lè mú kí ẹsẹ̀ wọn le kí wọ́n má baà máa ṣubú. A óò lọ bá wọn nílé, a óò wọn agbára wọn, a óò kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò máa ṣe lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a óò padà lọ wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá wa ni Dókítà Obiageli, obìnrin Igbo kan tó kúrú, tó gbẹ, tó sì le bí èkùrọ́. Igbo ni èmi àti òun jọ máa ń sọ. Mo yí i sí Yorùbá níbí. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, n kò tíì gbé báàgì mi kalẹ̀ tí ó fi nawọ́ sí àga onígi kan tó wà ní igun yàrá.

"Ṣé o lè gbé e?"

"Mo lè gbé e, Mà."

"Ó dára. Gbé e ká lọ sí Obosi."

Mo rò pé mọ́tò wà nísàlẹ̀. Kò sí mọ́tò. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, mo gbé àga rù. Ìdí rẹ̀ nìyí: a óò ní kí àgbà jókòó, kí ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, kí ó máa dìde kí ó máa jókòó fún ìdajì ìṣẹ́jú, a óò sì ka iye ìgbà tó dìde. Bí àga ẹnìkan bá ga, tí ti ẹlòmíràn sì rẹlẹ̀, irọ́ ni ìṣirò náà. Orí àga kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó sí, àwa ni a ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí a tó dé òpin òpópónà, ọkùnrin kan ti dá wa dúró. "Madam, how much you dey sell this chair?"

N kò tíì la ẹnu tí Dókítà Obiageli fi dá a lóhùn: "E no dey for sale. Na your mama we carry am come meet. She dey house?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó wo àga. "She dey," ni ó wí, ó sì nawọ́ sí ilé kan. Bí a ṣe rí ẹni àkọ́kọ́ tí a wọ̀n lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ru àga kí Dókítà Obiageli tó gbà kí n ka ìdìde ẹnikẹ́ni. Ní àràárọ̀, èmi náà gbọ́dọ̀ jókòó kí n dìde lórí àga yẹn títí yóò fi ní ó tó, nítorí ó ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ní kí àgbà ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn àga gbọ́dọ̀ kan ògiri. Bí kò bá sí ògiri, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ògiri, ọwọ́ náà kò sì gbọdọ̀ kúrò títí àgbà yóò fi parí.

A ní okùn kan tí a fi ń wọn ibi tí àgbà yóò rìn. Òjò pa okùn náà lọ́jọ́ kan, n kò sì kà á sí. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, Dókítà Obiageli tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé ó ti súnkì. Ó fa gbogbo ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ náà ya. Ènìyàn mọ́kànlá. Ó ní kí n padà lọ bá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún rìn. Bàbá kan bi mí pé, "Ṣé ẹsẹ̀ mi ló parọ́ ni, àbí ẹ̀yin?" Mo ní àwa ni. Ó ní, "Ó dára bí ẹ ṣe mọ̀."

Ohun tó le jù ni ti ìkúnlẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ ará wa láti ìwọ̀-oòrùn ń dìde lọ́wọ́ lórí àga, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi," mo bá kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà Obiageli fi rúlà gbá mi léjìká. Nígbà tí a jáde, ó sọ̀rọ̀ sí mi títí a fi dé ibùdókọ̀.

"Ẹ̀yin Yorùbá àti eékún yín! Kúnlẹ̀ kí ó tó jókòó. Kúnlẹ̀ nígbà tó bá parí. Láàárín méjèèjì, bí ọba bá tilẹ̀ wọlé, má kúnlẹ̀. Ṣé ọ̀wọ̀ ni, bí o bá kúnlẹ̀ fún un tí ó sì ṣubú?"

Mo kórìíra rẹ̀ fún bí ọdún méjì. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìbátan mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣòro iṣẹ́ yìí fún yín. Kì í ṣe pé àgbà kò lágbára láti rìn. Ojú ni ó ń tì wọ́n. Papa Ejike jẹ́ akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní àdúgbò Omagba. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. A ní kí ó máa rìn kánkán fún ìdajì wákàtí láràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré dé láti Asaba. Àwọn aládùúgbò ló ránṣẹ́ sí i pé nǹkan ń lé bàbá rẹ̀. Ẹ kò lè dá wọn lẹ́bi. Àwọn baba wa ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé ejò, ejò ní ń lé ni. Àwọn Igbo ní tiwọn sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ní ọ̀sán gangan lásán.

Papa Ejike bá wa ní ọ́fíìsì tìbínú-tìbínú. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dè mí mọ́lẹ̀ ni?"

Dókítà Obiageli kò bá a jiyàn. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ ńlá kan jáde, ó lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ó nà án sí i. "Papa, biko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa mú èyí lọ́wọ́ bí ẹ bá ń rìn."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Bàbá náà gbé àpò ìwé náà yẹ̀ wò, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ń lé e. Ọ̀nà ni wọ́n ń yà fún un. Wọ́n ní Papa ń lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí àpò ìwé náà gbó, òun fúnra rẹ̀ ló wá béèrè òmíràn. Ẹ kò lè rí i nínú ìwé ìwádìí kankan tí a tẹ̀ jáde. Òun ló sì ṣiṣẹ́ jù.

Àwọn ìwé ìbéèrè tí a ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti wá. Wọ́n ń bi àgbà bóyá ó máa ń lúwẹ̀ẹ́, bóyá ó máa ń gun kẹ̀kẹ́, bóyá ó máa ń gbá tẹ́níìsì. Rárá, rárá, rárá. A ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Mo bi ìyá tó bí mi ní àwọn ìbéèrè náà lọ́jọ́ kan, mo kọ rárá mẹ́sàn-án, kò pẹ́ tí ó dìde lọ kírun. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ó dúró, ó tẹ̀ríba, ó forí kanlẹ̀, ó jókòó, ó tún dìde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ láti ìgbà ọmọdé. Mo kọ ìbéèrè tuntun nípa ìrun, mo kọ òmíràn nípa omi pípọn àti ẹrù gbígbé lọ́jà. Dókítà Obiageli kà á, ó ní, "Èyí dára," ó sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i pé orúkọ mi ni ó kọ.

Ní ti irinṣẹ́, aago tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí wa tí a ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tó ń ka ìṣísẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìyá aránṣọ kan ní Ochanja ló gba ipò kìíní, ó sì fi ọ̀nà jíjìn ju gbogbo èèyàn lọ. Mo lọ wò ó. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ wa wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ ràì. "Nne, ọmọ mi, ṣé mo rìn dáadáa?" ni ó bi mí. Ẹni tó rìn jù lọ ní Onitsha kò kúrò lórí ìjókòó. Láyé ìsinsìnyí, fóònù ni ó ń ka ìṣísẹ̀, ó sì tún ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àgbà pé kí ó dìde. N kò bá fóònù jà. Ó kàn jẹ́ pé fóònù kò mọ ìgbà tí èèyàn jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Dókítà Obiageli fẹ̀yìn tì, ó sì kú lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni Dókítà Báyọ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí wọ́n gbé wá láti ìwọ̀-oòrùn. Inú mi dùn. Mo se oúnjẹ lọ kí i. Màmá ni ó ń pè mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án péré ni mo fi jù ú. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti ń pè ní Màmá níbi iṣẹ́, wọn kì í bi í ní ìbéèrè mọ́. Wọ́n máa ń ní kí ó sinmi.

Ní ọdún kejì tí ó dé, ó ka ìbéèrè ìrun tí mo kọ síta ní ìpàdé àwọn onímọ̀ kan. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo lọ bá a.

"Dókítà, ìbéèrè yìí, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ah, Màmá. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, kì í ṣe ti ẹnìkan."

Mo gbé e mì. Mo gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ mì títí ó fi ku oṣù mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì. Ìgbà náà ni àwọn tí ń fowó ran ìwádìí wa lọ́wọ́ sọ pé àwọn fẹ́ wá wo iṣẹ́ wa. Dókítà Báyọ̀ ní kí a kó àwọn àgbàlagbà jọ sínú gbọ̀ngàn kan ní Omagba, kí gbogbo wọn máa dìde kí wọ́n máa jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Àga kan kò lè tó. Ó háyà àga rọ́bà funfun, ó tò wọ́n ní òbìrípo sí àárín gbọ̀ngàn, lórí táìlì tí ń dán.

"Dókítà, àga yìí máa ń yọ̀ lórí táìlì."

"Màmá, àga ni àga."

"Wọn kò sì kan ògiri."

"Bí wọ́n bá kan ògiri, fọ́tò ò ní dára. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé òde òní."

Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo fún un lọ́wọ́. Ó kà á lójú mi, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé e.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá lọ́jọ́ náà ni Alhaja Ṣìfáwù, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ará Ìwó bíi tiwa. Aṣọ ìkírun ni ó ń tà ní Ochanja kí ó tó dàgbà jù. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kò lè dìde láìjẹ́ pé ẹnìkan fà á. Ní oṣù kẹta, ó ń dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láìfọwọ́kan nǹkan kan. Sùlè, ọmọ rẹ̀ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kò fẹ́ kí ó wá sí gbọ̀ngàn. "Àǹtí Risi," ni ó wí, "ìyá mi kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìwòran fún àlejò."

Mo ní, "Sùlè, fi ọkàn balẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n wà."

Ẹ̀yìn àga Alhaja ni mo dúró sí, ọwọ́ mi méjèèjì sì di àga náà mú. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. A bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó dé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ó dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kò dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá rí. Ó dúró lórí ìkẹwàá, inú rẹ̀ dùn, ó yíjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

"Rísíkátù ọmọ Sàráátù, Ọlọ́run á jẹ́ kí o dàgbà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ dá ọ."

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó sọ ọ́. A kì í kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn àgbà. Mo fi àga sílẹ̀, mo yí wá sí iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, mo ní, "Àmín, Alhaja." Ní àkókò kan náà, ó fẹ́ jókòó kí ó lè dìde lẹ́ẹ̀kọkànlá. Ìdí rẹ̀ kan etí àga náà, àga náà yọ̀ sẹ́yìn lórí táìlì bí ọṣẹ, Alhaja sì jókòó sórí ilẹ̀.

Mo gbọ́ egungun ìbàdí rẹ̀. N kò ní sọ bí ó ṣe dún.

Nígbà tí Sùlè dé ilé ìwòsàn, kò pariwo. Ó wo ọwọ́ mi. "Àǹtí Risi, ẹ ní ọwọ́ yín ni wọ́n wà."

Dókítà Báyọ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tó yẹ kó di àga mú fi í sílẹ̀. Kò kọ nǹkan kan nípa àga rọ́bà, nípa táìlì, tàbí nípa lẹ́tà mi. Wọ́n pe ìgbìmọ̀ jọ. Ọkùnrin tó jẹ́ alága bi mí pé, "Madam, ṣé ẹ fi àga náà sílẹ̀?"

"Mo fi í sílẹ̀, Sà, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ ṣeun."

"Mo ti kọ lẹ́tà ṣáájú..."

Dókítà Báyọ̀ bá gbé ọwọ́ lé èjìká mi, bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. "Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi. Ọ̀rọ̀ náà bà wọ́n lẹ́rù ni."

Ìdajì òótọ́ ni wọ́n fi dá mi lẹ́bi, n kò sì lè pè é ní irọ́. Ìbéèrè ìrun jẹ́ ti ọ́fíìsì. Ìṣubú jẹ́ tèmi nìkan. Wọ́n fi mí sídìí tábìlì fún oṣù mẹ́ta tó kù, mo ń da ìwé àwọn ẹlòmíràn kọ. Ní ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo kó bàtà mi àti ife mi sínú báàgì, mo sì lọ. Dókítà Báyọ̀ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí. N kò tíì dárí jì í. Àwọn kan ní ó yẹ kí n dárí jì í. Ó lè yẹ.

Ọjọ́ kejì tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ sí ilé Alhaja. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ti gbé e wálé, kò sì tíì dìde láti ìgbà náà. Sùlè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní n kò ní wọlé. Mo jókòó sí ìta. Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ ní ọjọ́ kẹta. Obìnrin Igbo tó ń gbé ní iyàrá iwájú gbé àpótí kan jáde fún mi láti jókòó lé. "Ndo, Mama," ni ó fi kí mi pẹ̀lẹ́, kò sì béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbọ́ ohùn Alhaja láti inú ilé.

"Sùlè! Ta ló wà níta?"

"Kò sí ẹnìkan, Ìyá."

"Kò-sí-ẹnìkan yẹn ti ń wúkọ́ láti ìjẹta. Jẹ́ kó wọlé."

Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí ibùsùn: kí ó gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ó tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, kí ó gbé ìdí sókè díẹ̀. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára tó lè gbé e dúró ti wà nínú ẹsẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kí ó dìde, yóò di etí ibùsùn mú, yóò ní ó di ọ̀la.

Ohun kan ṣoṣo ni ó fẹ́. "Jíjókòó ni mo ń jókòó kírun," ni ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ọlọ́run gbà á, mo mọ̀. Èmi ni n kò gbà á."

"Ẹ dìde nígbà náà, Alhaja."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ tó jù mí sílẹ̀ lójú àwọn àlejò? Mo gbẹ́kẹ̀ lé e, ó já mi kulẹ̀. N kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́."

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Iwájú ni ó kọ sí, kò rí àga. Gbogbo ìgbà yìí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó rò pé ó já òun kulẹ̀. Sùlè dúró sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí kì í fi èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ pé n kò ní wọ ilé yẹn mọ́. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ìyá náà yóò kú lórí ìjókòó.

"Alhaja," mo ní, "ẹsẹ̀ yín kò já yín kulẹ̀. Àga ló yọ̀ kúrò lábẹ́ yín. Èmi ni mo ń dì í mú. Ẹ gbàdúrà fún mi, mo sì fi í sílẹ̀ láti wá kúnlẹ̀ ṣe àmín."

"Kí lẹ sọ?" Sùlè ti dé àárín yàrá.

"Dákẹ́, Sùlè." Alhaja yíjú sí mi. "Ṣé o ní ẹsẹ̀ mi kò jẹ̀bi?"

"Kò jẹ̀bi, Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló gbé yín dìde. Ì bá gbé yín ní ẹ̀ẹ̀mọkànlá."

"Ìwọ ọmọ yìí. Láti ìgbà yìí ni mo ti ń bú ẹsẹ̀ mi."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mo ń bínú. Inú ń bí mi gan-an ni. Dìde nílẹ̀ níbẹ̀." Nítorí mo ti tún kúnlẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. "Dìde, mo ní. Sùlè, ìrun Alásárì ti tó. Gbé omi wá, kí o sì yí mi sí gábàsì."

Ó ṣe àlùwàlá lórí ibùsùn. Sùlè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, ó tẹ́ aṣọ ìkírun síwájú rẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí rẹ̀ mú. Alhaja wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń bẹ ọ̀rẹ́ tó ti bá jà. Ó tẹ̀ síwájú, ó mí, ó sì dìde.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Ó dúró ka Fátíhà tán láìyára, ó tẹ̀ríba díẹ̀, ó nà tán. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Mo rọra dá a padà sórí ibùsùn, ó sì jókòó kí èyí tó kù.

Sùlè dúró títí ìyá rẹ̀ fi parí. Ó ká aṣọ ìkírun náà, ó tún tú u, ó tún ká a. Nígbà tí mo mú báàgì mi, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ń retí pé yóò lé mi.

"Aago mélòó lẹ ń bọ̀ lọ́la?" ni ó bi mí.

"Aago mẹ́jọ."

"Ẹ tètè dé," ni ó wí. "Ìyá mi kì í fẹ́ dúró de èèyàn."